Orí Keje: Sílíkọ́nì, Oúnjẹ Ìrẹsì Tí A Gbàgbé

Iyanrìn pọ̀, oúnjẹ ṣọ̀wọ́n

Orí sílíkọ́nì ni ìlú Èkó jókòó lé. Iyanrìn tí wọ́n ń fà jáde láti inú ọ̀sà ní agbègbè Oworonshoki, tí ọkọ̀ típà ń kó gba Yábàá àti Múṣín kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, sílíkà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Sílíkà ni ohun tí a ń rí nígbà tí sílíkọ́nì bá so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn. Irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yọ́ nínú iná kí wọ́n tó fi ṣe gíláàsì ojú fèrèsé àti ìgò. Jöns Jacob Berzelius, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Sweden, ló kọ́kọ́ yọ sílíkọ́nì sọ́tọ̀ ní ọdún 1824. Bí a bá sì wọn gbogbo èròjà tó wà nínú èèpo ilẹ̀ ayé, ọ́síjìn ni yóò ṣáájú, sílíkọ́nì ni yóò tẹ̀ lé e, pẹ̀lú bí ìdá 28 nínú 100.

Pẹ̀lú gbogbo ọ̀pọ̀ yìí, àgbẹ̀ lè gbin ìrẹsì sórí ilẹ̀ oníyanrìn kí ebi sílíkọ́nì sì máa pa ìrẹsì náà títí di ọjọ́ ìkórè. Báwo ni ohun tó kún ilẹ̀ ṣe lè wọ́n ìrẹsì tó dúró lórí ilẹ̀ náà? Ìbéèrè yìí ni orí keje yìí wà fún.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbé ní Súrùlérè tàbí Yábàá lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará oko ni èyí. Kì í ṣe tiwọn nìkan. Ẹ lọ sí ọjà Daleko ní Múṣín, níbi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì lápò lápò àti ní kọ́ńgò. Iye tí àgbẹ̀ ń kó lóko wà lára ohun tó ń pinnu iye tí a ń ra kọ́ńgò kan níbẹ̀, àrùn tó bá sì jẹ ìrẹsì lóko ti jẹ lára oúnjẹ wa kí ó tó dé ọjà. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó lè wọn sílíkọ́nì nínú ilẹ̀ àti nínú ewé kò jìnnà sí yín: Yunifásítì Èkó ní Akọkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, àti Yaba College of Technology tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947.

Gbòǹgbò kì í jẹ òkúta

Omi ni gbòǹgbò ń mu. Ohun tí kò bá tíì yọ́ sínú omi inú ilẹ̀, gbòǹgbò kò lè rí i mu. Sílíkọ́nì tí ìrẹsì ń mu ni èyí tó ti di ásíìdì sílísíìkì, ìyẹn mólékù kékeré kan tó ní sílíkọ́nì kan àti ọ́síjìn mẹ́rin, tí háídírójìn kọ̀ọ̀kan sì so mọ́ ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan.

Iyanrìn ọ̀sà kì í yọ́ bọ̀rọ̀. Kírísítà líle ni, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló tò ní ìlà, wọ́n sì di ara wọn mú ṣinṣin. Lítà omi kan kì í gbà ju bí mílígíráàmù 10 sílíkà lọ lára rẹ̀, kódà fún ìwọ̀nba yẹn, àkókò gígùn ni yóò gbà. Oríṣi sílíkà mìíràn wà tí kò tò báyìí, tí àwọn mólékù rẹ̀ kàn wà gátagàta. Lítà omi kan lè gba bí mílígíráàmù 120 lára irú èyí. Sílíkà gátagàta yìí gan-an ló wà nínú ewé, èèpo àti koríko ìrẹsì. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ sílíkọ́nì dúró lé e lórí. Ẹni tó bá da iyanrìn sóko ìrẹsì kò tíì fún un lóúnjẹ.

Bí ìrẹsì ṣe ń mu ún

Ọ̀pọ̀ ewéko kì í mu sílíkọ́nì púpọ̀. Ìdílé koríko ló máa ń mu ún jù, ìrẹsì sì wà níwájú nínú wọn. Bí a bá gbẹ igi àti ewé ìrẹsì tó jẹun yó dáadáa, tí a sì wọ̀n ọ́n, sílíkọ́nì lè tó ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ewé ìrèké tàbí ewé bẹẹrẹ ti gé lọ́wọ́ rí mọ bí sílíkà inú ewé ṣe mú tó. Àwọn baba wa tó ń fi ewé eépín dán igbá àti igi náà ń lo agbára yìí, bí wọn kò tilẹ̀ pè é ní sílíkà. Eépín kì í ṣe koríko, ṣùgbọ́n àwọn irun líle tó wà lójú ewé rẹ̀ ló ń họ igi títí yóò fi máa dán.

Fún ìgbà pípẹ́, kò yé àwọn onímọ̀ bí gbòǹgbò ìrẹsì ṣe ń mu sílíkọ́nì tó báyìí. Ní 2006, Jian Feng Ma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan kéde nínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn ti rí jíìnì kan tí wọ́n sọ ní Lsi1. Jíìnì yìí ló ń ṣe ẹnu ọ̀nà tí ásíìdì sílísíìkì ń gbà wọ inú gbòǹgbò láti ìta. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí Lsi2, tó ń tì í jáde ní òdì kejì kí ó lè bá omi gòkè. Ìrẹsì tí Lsi1 rẹ̀ ti bàjẹ́ ṣì máa ń hù, ṣùgbọ́n àrùn àti kòkòrò máa ń tètè dé bá a, ìkórè rẹ̀ sì máa ń já wálẹ̀ gan-an.

Bí omi ṣe ń gbẹ kúrò lójú ewé, sílíkọ́nì kì í bá a lọ. Ó máa ń kù sẹ́yìn, yóò máa pọ̀ sí i, yóò sì dì. Lábẹ́ awọ òde ewé ló ti máa ń tẹ́ bí awẹ́ gíláàsì tín-ín-rín. Tó bá ti dì tán, kò tún lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ewé àgbà kò lè fa tirẹ̀ sílẹ̀ fún ewé tuntun gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe pẹ̀lú náítírójìn. Ìdí nìyẹn tí ìrẹsì fi gbọ́dọ̀ máa rí i mu láti ìgbà tó ti wà ní ọmọdé títí dìgbà tí yóò fi yọ orí.

Ohun tó ń ṣe fún ìrẹsì

Àrùn tí àgbẹ̀ ìrẹsì ń bẹ̀rù jù ni bíláàsì. Ohun abẹ̀mí kan tó jẹ́ ẹbí olú ló ń fà á, Magnaporthe oryzae ni wọ́n ń pè é. Á kọ́kọ́ hàn lójú ewé bí àmì tó ní ìdí méjì ṣóńṣó, àárín rẹ̀ á funfun, etí rẹ̀ á pọ́n. Èyí tó burú jù ni èyí tó ń mú ọrùn ìrẹsì, níbi tí orí tó ń so ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Ọrùn náà á dúdú, oúnjẹ kò ní lè gòkè mọ́, àgbẹ̀ á sì dé oko bá orí ìrẹsì tó dúró gangan àmọ́ tó jẹ́ èèpo lásán.

Láti 1917 ni Onodera ní Japan ti ṣàkíyèsí pé ewé tí bíláàsì mú kò ní sílíkọ́nì tó ti ewé tí ara rẹ̀ le. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ọ̀nà méjì ni sílíkọ́nì ń gbà jà. Àkọ́kọ́, olú náà ní láti gún awọ ewé kí ó tó wọlé, sílíkà tó tẹ́ sábẹ́ awọ sì máa ń dí i lọ́wọ́. Èkejì ni pé ìrẹsì tó ní sílíkọ́nì máa ń tètè gbọ́ pé ọ̀tá ti dé, á sì yára tú àwọn kẹ́míkà tó fi ń gbèjà ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò pa àrùn náà run pátápátá. Ó máa ń dín in kù, àgbẹ̀ tí kò lówó oògùn bíláàsì kò sì ní fojú kékeré wo àdínkù náà.

Igi ìrẹsì tó ní sílíkọ́nì máa ń le, ìjì kì í tètè dá a sùn sílẹ̀. Ewé rẹ̀ máa ń nà ṣánṣán, kò ní wó bo ewé ìsàlẹ̀, oòrùn á sì dé ara gbogbo wọn. Kòkòrò tó ń gbẹ́ inú igi ìrẹsì kì í rí i jẹ bó ti fẹ́.

Ní àwọn àkúrọ̀ wa, iṣẹ́ mìíràn wà tó ṣe pàtàkì. Ẹ ti lè rí omi àkúrọ̀ tó pọ́n, tí ohun kan ń dán lójú rẹ̀ bí epo. Irin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìrẹsì tó bá mu irin yìí jù, ewé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ṣóńṣó wá. Sílíkọ́nì máa ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́ láti tú ọ́síjìn sínú ilẹ̀ tó yí i ká, irin á sì dì sí ìta gbòǹgbò dípò kí ó wọlé. Ásẹ́níìkì, tó jẹ́ májèlé fún ènìyàn, náà ń gba ẹnu ọ̀nà Lsi1 wọ inú ìrẹsì. Ẹgbẹ́ Ma yìí kan náà ló fi èyí hàn ní 2008. Bí sílíkọ́nì bá pọ̀ nínú omi ilẹ̀, ásẹ́níìkì tó ń ráyè wọlé á dín kù.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, orúkọ sílíkọ́nì kò sí lára àwọn èròjà kòṣeémánìí tí a ń kọ́ yín ní kíláàsì. Òfin tí Arnon àti Stout là sílẹ̀ ní 1939 sọ pé èròjà kò lè jẹ́ kòṣeémánìí àfi tí ewéko kò bá lè parí ayé rẹ̀ láìsí i, ìrẹsì sì lè hù kí ó so díẹ̀ láìsí sílíkọ́nì. Ní 1994, Emanuel Epstein ti Yunifásítì California kọ̀wé láti fi hàn pé àṣìṣe ni kí a máa kó sílíkọ́nì tì sẹ́yìn báyìí. Èmi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Òfin náà dára nínú ilé àyẹ̀wò, níbi tí kò sí bíláàsì, ìjì tàbí irin. Nínú oko, níbi tí gbogbo wọn wà, ó ti mú kí a pa oúnjẹ ìrẹsì kan tì fún ìgbà pípẹ́.

Ìdí tó fi wọ́n nílẹ̀ wa

Òjò ni. Ilẹ̀ gúúsù Nàìjíríà ti dàgbà púpọ̀, òjò sì ti ń fọ̀ ọ́ láti ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Sílíkọ́nì tó lè yọ́ ti bá omi lọ, èyí tó ṣẹ́ kù ni iyanrìn líle àti irin pupa. Ìrẹsì orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ìyà yìí ń jẹ jù, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ní Ọ̀fàdà àti àwọn abúlé tó yí i ká ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìrẹsì àkúrọ̀ sàn díẹ̀, nítorí omi tó ń ṣàn wá láti òkè máa ń gbé sílíkọ́nì wá.

Lára àwọn tó fi ìṣòro yìí hàn gbangba ní orílẹ̀-èdè wa ni àwọn onímọ̀ IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. Ilé iṣẹ́ náà ní oko ìwádìí kan ní Onne, nítòsí Port Harcourt, níbi tí òjò ti ń ju mílímítà 2,000 lọ lọ́dún tí ilẹ̀ sì kan, ìyẹn ni pé ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀. Yamauchi àti Winslow gbin ìrẹsì orí ilẹ̀ gbígbẹ síbẹ̀. Èèpo ọmọ ìrẹsì ń dúdú, bíláàsì ń mú ọrùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi sílíkọ́nì sí i, àrùn dín kù, ìkórè sì gòkè. Wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 1989, Winslow sì tún tẹ òmíràn jáde ní 1992. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 2014, Tsujimoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí koríko ìrẹsì láti oko àwọn àgbẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan jáde. Ọ̀pọ̀ oko ni sílíkọ́nì kò tó nínú rẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí ohun kan nínú iṣẹ́ 2014 yẹn. Bí àgbẹ̀ ṣe ń fi náítírójìn kún ìrẹsì rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpín sílíkọ́nì nínú koríko rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i. Yúríà, ajílẹ̀ tó ń fún ìrẹsì ní náítírójìn, máa ń mú kí ewé pọ̀ kí ó sì rọ̀, sílíkọ́nì tó wà nílẹ̀ kò ní tó kárí gbogbo ewé náà, bíláàsì sì fẹ́ràn ewé rírọ̀. Ìjọba àti àwọn ilé ìfowópamọ́ ti ná owó púpọ̀ sórí ìrẹsì láti 2015, nígbà tí ètò ẹ̀yáwó àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Anchor Borrowers bẹ̀rẹ̀ ní Kebbi. NPK àti yúríà ni ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ sì dúró lé lórí. Àgbẹ̀ tí a fún ní yúríà láìfún un ní sílíkọ́nì, ìdajì ìrànlọ́wọ́ la ṣe fún un.

Ibi tí a ti lè rí i

Japan ni orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀, ní 1955. Ìdàrọ́ tó ń ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin ni wọ́n ń lọ̀, nítorí pé kálísíọ̀mù sílíkéètì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbin ìrẹsì ní ilẹ̀ dúdú Florida ní Amẹ́ríkà náà ń lo ìdàrọ́. Fún àgbẹ̀ tó bá fẹ́ ra ajílẹ̀ tí wọ́n ti ṣe, ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni kálísíọ̀mù sílíkéètì kìlógíráàmù 120 sí 200 fún hẹ́kítà kan, tàbí pọtasíọ̀mù sílíkéètì kìlógíráàmù 40 sí 60.

Mo ní láti kì yín nílọ̀ níbí. Ìdàrọ́ kò rí bákan náà. Èyí tó wá láti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ àlòkù irin lè ní òjé àti àwọn májèlé mìíràn nínú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ gbé ìdàrọ́ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kí ó dà á sóko oúnjẹ láìjẹ́ pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò.

Ní tiwa, sílíkọ́nì tó rọrùn jù wà lára ìrẹsì fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí àgbẹ̀ tó kó tọ́ọ̀nù kan ìrẹsì eléèpo, ìrẹsì náà ti mu bí kìlógíráàmù 80 sílíkọ́nì láti inú ilẹ̀. Náítírójìn tó mu kò ju bí kìlógíráàmù 17 lọ. Nínú 80 yẹn, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ìyẹn bí kìlógíráàmù 64, wà nínú koríko tó kù lóko. Èyí tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú èèpo tán. A lè fi èèpo yẹ ìṣirò náà wò: ìdá kan nínú márùn-ún ìrẹsì eléèpo ni èèpo, nítorí náà tọ́ọ̀nù kan á fún wa ní kìlógíráàmù 200 èèpo. Bí a bá sun ún, á ku bí kìlógíráàmù 40 eérú. Bí ìdá 90 nínú 100 eérú náà bá jẹ́ sílíkà, kìlógíráàmù 36 nìyẹn. Ìdá 47 nínú 100 sílíkà ni sílíkọ́nì, tó fi jẹ́ pé bí kìlógíráàmù 17 ló wà níbẹ̀. Ìṣirò méjèèjì bára wọn mu.

Ẹ wá fi èyí wo ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀tà ní Ìkòròdú, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023. Tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan ni wọ́n kọ́ ọ láti máa lọ̀. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ pé pérépéré, èèpo tí yóò jáde lára ìrẹsì náà ní wákàtí kan á tó tọ́ọ̀nù 6.4. Bí a bá sun ún, bí kìlógíráàmù 540 sílíkọ́nì ló wà nínú eérú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì ní ilẹ̀ Yorùbá, òkìtì ni èèpo ń dì lẹ́yìn ilé, wọ́n á sì tiná bọ̀ ọ́ láti lè ráyè. Oúnjẹ oko ni wọ́n ń sun yẹn.

Bí a ṣe ń sun ún ṣe pàtàkì. Bí iná náà kò bá ju bí ìwọ̀n 700 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, sílíkà náà á wà ní gátagàta bó ti wà, omi á sì lè yọ́ ọ. Bí iná bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́, á tò, á di kírísítà bíi ti iyanrìn, àǹfààní rẹ̀ fún oko á sì dín kù. Eruku kírísítà yẹn tún burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá ń tú eérú gbọ́dọ̀ fi nǹkan bo imú, kí ó sì rọra bu omi wọ́n ọn kó má fẹ́.

Ṣùgbọ́n èèpo kì í ṣe ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí koríko ló ní ìpín tó pọ̀ jù. Àgbẹ̀ tó bá gé ìrẹsì, tó kó koríko rẹ̀ jọ sójú kan níbi tí wọ́n ti ń pa á, tó sì sun ún níbẹ̀, ti kó sílíkọ́nì gbogbo oko rẹ̀ sí igun kan. Kí ó tẹ́ koríko náà padà sórí oko, kí ó sì ro ó mọ́lẹ̀. Kò ní ná an ní kọ́bọ̀ ajílẹ̀, àfi agbára. Eérú èèpo ni kí ó fi kún un lẹ́yìn náà.

Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe

A kò nílò oko láti rí èyí fúnra wa. Àyè tí oòrùn ń dé nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ní Súrùlérè tó. Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà mẹ́wàá tí ẹ ti fọ̀ dáadáa, kí ẹ bu kìlógíráàmù 10 ilẹ̀ oko sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi gíráàmù 20 eérú èèpo ìrẹsì sínú márùn-ún, kí ẹ pò ó pọ̀. Ìwọ̀n yìí bá bí tọ́ọ̀nù mẹ́rin fún hẹ́kítà kan mu, bí a bá ka ilẹ̀ òkè orí hẹ́kítà kan sí kìlógíráàmù mílíọ̀nù méjì. Ẹ má fi eérú sí márùn-ún yòókù. Ẹ gbin irú ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní FARO 44 sí gbogbo wọn, nítorí pé ó máa ń tètè gbó, ní bí oṣù mẹ́rin. Yúríà tí ẹ bá fi sí ọ̀kan, ẹ fi iye kan náà sí gbogbo wọn. Eérú máa ń dín ìkan ilẹ̀ kù, nítorí náà, bí ẹ bá ní bébà tí a fi ń wọn ìkan ilẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, kí ẹ lè mọ̀ bóyá sílíkọ́nì nìkan ló ṣiṣẹ́ náà.

Ìbéèrè

1. Iyanrìn àti eérú èèpo ìrẹsì, sílíkà ló wà nínú méjèèjì. Kí ló dé tí ọ̀kan fi jẹ́ ajílẹ̀ tí èkejì kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

2. Àgbẹ̀ kan ní Ọ̀fàdà kó tọ́ọ̀nù méjì ìrẹsì eléèpo, ó sì sun gbogbo koríko rẹ̀ sí igun oko. Kìlógíráàmù sílíkọ́nì mélòó ló kúrò lórí ìyókù oko náà, bí a bá ka ti koríko nìkan?

3. Kí ló dé tí yúríà nìkan fi lè mú kí bíláàsì pọ̀ sí i?

4. Àkúrọ̀ kan ní omi pupa tó ń dán lójú. Irú ìpalára wo ni ẹ retí lára ìrẹsì ibẹ̀, báwo sì ni sílíkọ́nì ṣe lè ràn án lọ́wọ́?

5. Ẹ kọ àbájáde iṣẹ́ àfọwọ́ṣe yín sínú ìwé kan: iye ewé tó ní àmì bíláàsì, ìrẹsì tó sùn sílẹ̀, àti ìwọ̀n ọmọ tí ẹ kó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ kọ bẹ́ẹ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà tọ olùkọ́ yín lọ kí kíláàsì tó ń bọ̀ lè tún un ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ láti oko mìíràn.